Ìtọ́jú Ògbufọ̀ Àwọn Ọpọlọ Ẹ̀rọ

Ní ìlú Ẹ̀sìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn ère òkúta kan wà tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí kí wọ́n tó di òkúta. Ní ọdún 1933 ni Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., fi ọ̀rọ̀ wọn tó àwọn ará òkèèrè létí. Ní ọdún 1945 ni a sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Òkúta kì í rà bí igi, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ère náà ni orí wọn ti kán kúrò lára. Kì í ṣe líle òkúta nìkan ni ó dá wọn sí di òní: àwọn kan ń ṣọ́ wọn, wọ́n ń kà wọ́n, wọ́n sì ń kọ ìrísí wọn sílẹ̀.

Irú iṣẹ́ ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà nínú ayé ẹ̀rọ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe é.

Ohun tí ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́

Kò jìnnà sí Ẹ̀sìẹ́ ni Òmù-Àrán wà, níbi tí a dá Yunifásítì Landmark sílẹ̀ sí ní ọdún 2011. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fún oko ewébẹ̀ ní omi nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ńlá ni yóò gbé sí oko. Ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní microcontroller, ti tó fún un. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ATmega328P, tí ó wà lórí pátákó Arduino Uno. Ìdílé AVR ni ó ti wá, ìdílé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ èrò rẹ̀ ní Trondheim, ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ilé-iṣẹ́ Atmel ni ó kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n. Ní ọdún 2016 ni Microchip ra Atmel.

Báìtì 32,768 ni àyè tí ATmega328P ní fún ìwé àṣẹ tí yóò máa tẹ̀lé, báìtì 2,048 péré sì ni àyè tí ó fi ń ṣe ìrántí lẹ́nu iṣẹ́. Báìtì kan kò gbà ju lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò ní àmì lọ, nítorí náà àròkọ yìí gan-an kò lè wọ inú ìrántí rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ ògbufọ̀

Ọpọlọ ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè ènìyàn. Nọ́ńbà nìkan ni ó gbọ́. Èdè tí a ń pè ní C, tí ó wà láàárín ti ènìyàn àti ti ẹ̀rọ, ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fi kọ àṣẹ rẹ̀, ògbufọ̀ kan yóò sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ògbufọ̀ tí a ń lò jù fún ìdílé AVR ni GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1987. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó ka bí a ti kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. GCC kì í dá iṣẹ́ ṣe: àkójọ ìwé ìrànlọ́wọ́ kan tí ń jẹ́ avr-libc ni ó ń sọ fún un ohun tí ó wà lára ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ ATmega328P lè rò pé òun ti mọ gbogbo ìdílé rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. ATtiny85 jẹ́ àbúrò rẹ̀, tí ó ní báìtì 8,192 fún àṣẹ àti 512 fún ìrántí. Àwọn méjèèjì ní ẹnu-ọ̀nà tí a ń kọ ní PORTB, tí iná fi ń jáde lọ sí ara ohun tí a bá so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà yìí jẹ́ 5 lára ATmega328P, ó sì jẹ́ 24 lára ATtiny85. Ó dà bí ẹni tí a rán níṣẹ́ sí ààfin: ààfin wà ní Òmù-Àrán, ó sì wà ní Ẹ̀sìẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bákan náà, ATmega328P ní àṣẹ tí ó fi ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀. ATtiny85 kò ní in, nítorí náà ìròpọ̀ ni ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ fi ṣe ìsọdipúpọ̀ fún un.

Bí ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀ bá ṣi nọ́ńbà kan kọ, ògbufọ̀ kò ní ṣe àròyé. Yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, a ó sì gbé ẹ̀rọ lọ sí oko, ṣùgbọ́n omi kò ní jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá àṣìṣe nínú ìwé ara rẹ̀ títí, kò sì ní rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí olùtọ́jú fi gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ wé ìwé àlàyé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ilé-iṣẹ́ ni ó mọ ohun tí ó ṣe, àwọn olùtọ́jú ni ó sì mọ inú ògbufọ̀.

Títí di GCC 5, tí ó jáde ní ọdún 2015, inú ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ni àpèjúwe ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà. Bí ọ̀kan tuntun bá dé, àfi kí a tún ògbufọ̀ kọ́. Láti ìgbà náà, ìwé kékeré kan ni a ń kọ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí a lè fi kún un láti ìta. Síbẹ̀, ìrọ̀rùn yìí kò pa iṣẹ́ rẹ́. avr-libc 2.0.0 jáde ní ọdún 2016. Ọdún 2022 ni 2.1.0 tó tẹ̀lé e. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun bíi ATmega4809 ti wà ní ọjà, àfi kí ẹni tí ó rà wọ́n gba ìwé wọn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sí ààyè.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a gé ẹ̀ka náà

Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá fi nọ́ńbà méjì wé ara, ó ń fi àmì sílẹ̀ láti sọ bóyá wọ́n dọ́gba. Nínú ìlànà àtijọ́ kan tí ń jẹ́ cc0, GCC kì í kọ ibi tí àmì náà wà sílẹ̀ gbangba. Ó gbà pé àṣẹ tí ó tẹ̀lé ìfiwéra gan-an ni yóò lò ó. Ìlànà yìí di ìdíwọ́ fún àtúnṣe ògbufọ̀, àwọn alábòójútó GCC sì pinnu láti mú un kúrò. Wọ́n kéde pé ìdílé tí kò bá yí padà, a ó gé e sọnù. Ìdílé AVR wà lára wọn.

Kì í ṣe pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò lò ó mọ́. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò jókòó ṣe àtúnṣe tí kò lókìkí, tí ó sì gba sùúrù. Àwọn olùfẹ́ ìdílé m68k dá owó jọ, a sì yí tiwọn padà. CR16 kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. GCC 11, ní ọdún 2021, kéde rẹ̀ ní ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, lẹ́yìn náà a sì yọ ọ́ kúrò. Ní ọdún 2021 yìí kan náà ni a parí iṣẹ́ ti AVR, tí ó fi wà nínú GCC 12 ní ọdún 2022. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó wà nínú àìmọye ẹ̀rọ káàkiri ayé kì bá ti ní ògbufọ̀ tuntun mọ́ nínú GCC.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀

Ohun tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àkókò olùtọ́jú ni iye rẹ̀. Kò sì sí òfin tí ó sọ pé òkèèrè nìkan ni olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àkọsílẹ̀ wé ìwé àlàyé, tí ó rí nọ́ńbà kan tí kò tọ̀nà, tí ó sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ Òmù-Àrán ni ó jókòó sí. Ní Ẹ̀sìẹ́, ẹni tí ń ka àwọn ère kọ́ ni ó gbẹ́ wọn. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ìdí tí àlejò fi ń bá wọn nílé.