Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ń ṣòfò omi: ta ló yẹ kó tún un ṣe?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í ṣe owó ilé nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ayálégbé l'Ékòó. Nígbà mìíràn, omi tó rọra ń ṣàn nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹnì kan tọ̀sán-tòru ló ń fà á.

Nítorí pé mo kàwé òfin, irú ẹjọ́ yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn: fúláàtì mẹ́rin, bọ́hóòlù kan, gbogbo wọn jọ ń dáwó iná tó ń fa omi. Táǹkì òkè á kún lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti gbẹ. Ni wọ́n bá dojú kọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan, wọ́n ní aṣọ tó ń fọ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n fetí sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lóru. Àṣé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń dá gbé ni omi ń bá lọ! Ó ní iṣẹ́ onílé ni. Onílé ní ayálégbé ló bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí omi tó ń ṣòfò bá lè kún ike lítà kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, lítà 15 nìyẹn ní wákàtí kan, 360 lójúmọ́. Ó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlá lọ. Táǹkì onílítà 1,000 kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta kó tó tán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi mu.

Bẹ́ẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá ń dà sínú páìpù tó nàró láàárín, ẹ rẹ bọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀, kí omi dúró díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹnu páìpù náà. Bí kò bá dáwọ́ dúró síbẹ̀, bóyá omi ti wọnú bọ́ọ̀lù ni, tàbí ẹ̀rọ tó ń ti omi ti bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá dé ẹnu páìpù, ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú táǹkì, kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí búlúù bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìdí táǹkì ló ń jò. Ẹ ti omi pa, ẹ nu ìdọ̀tí ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá ṣéènì ló há sábẹ́ rẹ̀. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí wọ́n lè fún yín ní irú rẹ̀ gan-an.

Ta ni yóò sanwó? Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí ayálégbé tọ́jú ilé tó ń gbé dáadáa, yàtọ̀ sí ohun tó bá gbó nítorí ìlò. Ó ní kí onílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo wọn jọ ń lò ṣe. Rọ́bà tó gbó nínú fúláàtì ńkọ́? Amòfin méjì lè jiyàn lórí ẹ̀ títí di alẹ́, omi á sì máa ṣàn.

Èrò tèmi rèé: ẹ tún un ṣe ná, ká tó máa jiyàn. Kí ayálégbé ra rọ́bà, kó gba rìsíìtì, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí onílé. Ẹ má kàn yọ owó náà nínú owó ilé láìjọ sọ ọ́. Ẹ̀yin onílé náà, páìpù inú ògiri tó bẹ́ kì í ṣe ti ayálégbé, ẹ má sì torí rọ́bà tó gbó mú owó kọ́ṣọ̀n tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ bá tún ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbólóhùn kan: ta ló ń tún kí ni ṣe.

Lálẹ́ òní, nígbà tí ilé bá parọ́rọ́, ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún ṣìì, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan aládùúgbò yín.