Ṣé o mọ̀? Nọ́ńbà NIN kan, ẹnì kan ṣoṣo

Bí ẹni tó ni NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, bá tiẹ̀ kú, wọn kò ní gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì mọ́ láéláé. Ẹyọ nọ́ńbà 11 ló wà nínú NIN, wọ́n kàn ṣà wọ́n jọ ni, kò sí ọjọ́ ìbí nínú rẹ̀, kò sí akọ tàbí abo, kò sí orúkọ ìlú. Ọmọ Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè jọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lè wo nọ́ńbà wọn kó mọ èwo ni ti ta ni. Ó dára bẹ́ẹ̀ gan-an: ẹni tó bá ṣèèṣì rí nọ́ńbà ìyá àgbà lórí fọ́ọ̀mù kò lè tibẹ̀ mọ ọjọ́ orí wọn. Àwòrán ojú àti ìka ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, gbà sílẹ̀ ló so nọ́ńbà mọ́ ẹni tó ni ín.

Ìwé NIN rẹ sọnù? Tẹ *346# lórí láìnì tí o fi forúkọ sílẹ̀ láti rí nọ́ńbà rẹ. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì náà ń ṣe é, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á kàn yọ owó díẹ̀ nínú owó ìpè rẹ.