Asofẹ́yẹjẹ: Agbára Rẹ̀, Ewu Rẹ̀, àti Ìdí tí Oníṣègùn Kì í Fi Í Ránṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrà, ẹ̀yin tí ẹ ti Adido, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta ilẹ̀ Benin, lọ fìdí kalẹ̀ sí Kútọnu, sí Èkó, sí Paris tàbí sí ìlú òyìnbó mìíràn, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tí ẹ ń tọ́ lẹ́yìn odi. Ìdì kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tí ìyá àgbà lè dì sínú ẹrù arìnrìn-àjò bí ó bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun ń ru, tàbí pé ọmọ-ọmọ òun kò rí oorun sùn: gbòǹgbò igi gbígbẹ, tàbí àgúnmu tí a ti kù kúnná. Bí àwọn ọmọ bá bi yín pé kí ni èyí, ẹ má ṣe wí fún wọn pé ohun àwọn ará àtijọ́ lásán ni, ẹ má sì ṣe wí pé ewé kì í pa ènìyàn. Nítorí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, àwọn àgbà tí wọ́n ń lo igi yìí kò sì lò ó láìnídìí.

Asofẹ́yẹjẹ ni igi náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria. Igi kékeré ni, ní etí igbó, ní bèbè odò àti lórí oko tí a ti fi sílẹ̀ ni ó ti ń hù. Ewé rẹ̀ a máa yí ẹ̀ka ká ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, oje funfun a máa ṣẹ̀ lára rẹ̀ bí a bá sá a, èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ a sì máa pọ́n, tí àwọn ẹyẹ a máa ṣà á jẹ. Ṣùgbọ́n inú gbòǹgbò, pàápàá èèpo ara gbòǹgbò, ni agbára igi náà pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ìwòsàn wèrè ni asofẹ́yẹjẹ fi gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá. Bí a bá gbé aláìsàn tí ń jà, tí ń sá kiri, tí kò fojú kan oorun wá, oníṣègùn a fún un ní oògùn gbòǹgbò náà. Aláìsàn a bì, inú rẹ̀ a ṣí, lẹ́yìn èyí a sì sùn fọnfọn. Bí ara rẹ̀ bá sì ti ń rọ̀, oníṣègùn a máa dín in kù. Agboolé oníṣègùn ni aláìsàn ń gbé ní gbogbo àkókò yìí, níbi tí ojú wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ìparí àwọn ọdún 1950, fara balẹ̀ wo iṣẹ́ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ó sì kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1960. Ní Arò yìí kan náà ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ti dá ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1954, tí aláìsàn ń bá ẹbí rẹ̀ gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, nítorí ó mọ̀ pé oògùn nìkan kọ́ ni í wo ènìyàn sàn.

Ìmọ̀ òyìnbó kò sọ àwọn àgbà di òpùrọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, yọ èròjà tí a ń pè ní reserpine láti inú gbòǹgbò ìbátan asofẹ́yẹjẹ tí ń hù ní Íńdíà. Èròjà kan náà wà nínú tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí iṣan àti ọpọlọ rí àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn kó pamọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń wálẹ̀, tí ọkàn fi ń lù jẹ́jẹ́, tí ara tí ń gbóná janjan sì fi ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ire gbà wọlé ni ibi náà ń gbà: ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, òòyì lè gbé ènìyàn ṣubú, imú a dí, inú a máa ṣí, ọgbẹ́ inú lè le sí i, ara lè máa gbọ̀n, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè wọlé wẹ́rẹ́ títí ayé yóò fi sú ènìyàn. Kì í sì í tètè kúrò lára. Ẹni tí ó dẹ́kun lílò rẹ̀ lónìí lè máa rí àmì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nígbà tí àwọn dókítà ń fi reserpine wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í sábà fún ènìyàn ju 0.25 mílígíráàmù lọ lójúmọ́ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ta ni yóò fi ojú lásán wọn èyí nínú ṣíbí àgúnmu? Oníṣègùn kò ní òṣùwọ̀n irin, ṣùgbọ́n ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀: bí ó ti sùn, bí ó ti jí, bí ó ti jẹun, ni oníṣègùn fi ń mọ̀ bóyá kí òun fi kún un tàbí kí òun dín in kù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ènìyàn ni a sì ń wò kí a tó wọn oògùn fún un. Nítorí náà, ìdì tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ yín ti fi òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ sí agboolé.

Ẹ má ṣe bú ìyá àgbà; ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè orúkọ igi náà, ibi tí a ti mú un lára igi, àti ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ asofẹ́yẹjẹ, aboyún, ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá jà rí, ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àti ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ọkàn tàbí oògùn ọpọlọ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ mú ìdì náà lọ fún dókítà yín láìtijú, ẹ má sì ṣe torí rẹ̀ pa oògùn tí ó ti fún yín tẹ́lẹ̀ tì. Bí ẹnìkan bá ti mu ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó ń sùn tí kò ṣe é jí, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní orúkọ igi yìí, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn baba wọn ní ìmọ̀. Kí ẹ sì kọ́ wọn ní apá kejì ìmọ̀ náà, pé ẹni tí ó bá fún ènìyàn ní oògùn líle gbọ́dọ̀ jókòó tì í títí yóò fi sàn.