Bàtà Búùtù Aláwọ Tó Ń Tọ́jọ́: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bó Ṣe Ń Mọ́ Ẹsẹ̀ Lára

Ohun méjì ló ń mú kí bàtà búùtù aláwọ tọ́jọ́: irú awọ tí wọ́n fi ṣe é, àti bí wọ́n ṣe so àtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Dídán àti orúkọ ilé iṣẹ́ ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ń gbé bàtà la òjò àti oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún já. Bàtà olówó pọ́ọ́kú tí èèyàn ń rà lọ́dọọdún ló ń wọ́n jù nígbẹ̀yìn. Ó sàn kí èèyàn fara balẹ̀ yan ẹyọ kan tó dára, kí ó sì fi sùúrù wọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́ ẹsẹ̀ lára.

Awọ màlúù ni wọ́n sábà ń lò, awọ kan náà tó ń di pọ̀nmọ́ nínú ọbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe awọ á yọ irun rẹ̀, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú èròjà tí kò ní jẹ́ kó jẹrà. Èròjà kírómíọ̀mù ló wọ́pọ̀ jù, ọjọ́ díẹ̀ sì ti tó fún un. Omi èèpo igi ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, awọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde sì máa ń le kó tó rọ̀. Nítorí pé awọ màlúù nípọn, wọ́n máa ń là á sí ìpele. Ìpele òkè, níbi tí irun ti hù, ló lágbára jù, torí pé ibẹ̀ ni fọ́nrán awọ ti há mọ́ra jù lọ.

Bí àkọlé ara bàtà bá ka “full grain”, ìpele òkè yìí tí wọn kò ha lójú ló ń sọ. Ojú ihò irun àti àpá ibi tí ẹ̀gún ti ya màlúù lè hàn lára rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe àléébù. “Genuine leather” kàn ń sọ pé awọ ni, kò sọ ìpele tó ti wá. Èyí tó burú jù ni àjákù awọ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n sì fi rọ́bà bò lójú. Kì í pẹ́ tó fi ń bó.

Kí oníbàárà fi àtàǹpàkò tẹ ojú bàtà níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká. Awọ gidi á hunjọ wẹ́wẹ́, á sì tún nà bí ọwọ́ bá kúrò. Èyí tí rọ́bà bò á kàn tẹ̀ wọlé ni. Kí ó tún wo etí ibi tí wọ́n ti gé awọ náà, lára ahọ́n bàtà. Fọ́nrán awọ ló yẹ kó hàn níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n lẹ rọ́bà mọ́.

Ní ti àtẹ́lẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹ̀ bá jẹ tán, bàtà náà sábà máa ń tán síbẹ̀. Èkejì ni ti Lyman Blake, ará Amẹ́ríkà tó gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1858. Ẹ̀rọ yìí ń rán àtẹ́lẹ̀ ìta mọ́ ti inú tààrà, a sì lè rí òwú rẹ̀ nínú bàtà. Bàtà bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, ó sì tètè ń ká, àmọ́ omi lè gba ojú ìrán wọlé.

Ẹ̀kẹta ló gbajúmọ̀ jù fún búùtù tó ń tọ́jọ́. Charles Goodyear kékeré, ọmọ ọkùnrin tó ṣàwárí bí a ṣe ń fi iná àti ìmí ọjọ́ sọ rọ́bà di líle, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Nínú ìrán yìí, wọ́n á rán ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí bàtà ká, wọ́n á wá rán àtẹ́lẹ̀ mọ́ ọ̀já náà. Nítorí náà, aránbàtà lè tú àtẹ́lẹ̀ tó ti jẹ, kó sì rán tuntun sí i láìfọwọ́ kan ara bàtà. Àlàfo tó wà láàárín àtẹ́lẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń fi kọ́ọ̀kì dí, kọ́ọ̀kì yìí ló sì ń jìn díẹ̀díẹ̀ ní ìrísí ẹsẹ̀ oníbàtà. Ìlú Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Red Wing ní Minnesota jẹ́ ibi tí irú bàtà yìí ti lókìkí. Àwọn ayédèrú máa ń ní òwú yíká etí tí kò di nǹkan kan mú. Ti gidi, lọ́pọ̀ ìgbà, máa ń yọ sí abẹ́ àtẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà bàtà kò dọ́gba láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Nọ́ńbà 8 ti ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ 9 ní Amẹ́ríkà àti 42 ní ilẹ̀ Yúróòpù yòókù. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù láti wọn ẹsẹ̀ wò, torí pé ẹsẹ̀ máa ń wú lójúmọmọ. Kí oníbàárà wọ ìbọ̀sẹ̀ tó máa lò, kí ó sì fi ti ẹsẹ̀ tó tóbi jù ṣe. Àyè gbọ́dọ̀ wà níwájú ìka. Gìgísẹ̀ lè máa yọ sókè díẹ̀ torí àtẹ́lẹ̀ tuntun kò tíì mọ bá a ṣe ń ká, ìyẹn á dínkù bó bá yá. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ti ń kan iwájú, kí ó gbé e sílẹ̀: awọ máa ń fẹ̀, kì í gùn.

Nínú òkirika náà, ojúlówó búùtù máa ń wà. Àtẹ́lẹ̀ inú ni kí a kọ́kọ́ wò, torí pé bí ojú ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ bá ti jìn jù, yóò máa ni ẹlòmíì lára. Àtẹ́lẹ̀ polyurethane tó pẹ́ nípamọ́ sì máa ń rún wẹ́wẹ́ lójijì.

Bí búùtù bá délé, inú ilé ni kí a ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Bí kò bá ṣe rẹ́gí, ó ṣì ṣeé dá padà nígbà tí kò tíì kan ilẹ̀ ìta. Lẹ́yìn náà ni wákàtí á máa pọ̀ sí i. Kí a fa okùn le ní ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ìyọsókè gìgísẹ̀ ló ń fa ìléròrò. Ibi tó bá ti ń gbóná ni kí a tètè lẹ pílásítà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ búùtù tó nípọn ń gbà kó tó rọ̀. Líle awọ á kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìka tó ń kú tipiri ń sọ pé nọ́ńbà kò tọ́.

Àwọn kan ń rẹ búùtù sínú omi, àwọn mìíràn ń yá a níná kó lè tètè rọ̀. Méjèèjì ń ba awọ jẹ́, torí wọ́n ń mú ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, awọ á le, á sì sán. Bí ibì kan bá há, aránbàtà lè fi igi fẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ̀ máa ń làágùn, ó sì yẹ kí búùtù sinmi lọ́jọ́ kejì kó lè gbẹ. Bí òjò bá pa á, kí a ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí a sì gbé e sí abẹ́ òjìji. Búrọ́ọ̀ṣì ń gbá eruku kúrò kó tó wọnú ibi tí awọ ti ká. Ìpara awọ díẹ̀ ní oṣù mélòó kan ti tó, àfi nígbà ọyẹ́ tí gbígbẹ pọ̀. Nígbà òjò, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí kí ó má bàa bu. Kí a sì gbé e lọ bá aránbàtà kí àtẹ́lẹ̀ tó jẹ dé ọ̀já awọ, nítorí bí ọ̀já náà bá ti bàjẹ́, àtúnṣe á di iṣẹ́ ńlá.