Báńkì Lọ, Àmàlà Kù: Bí Skye Ṣe Di Orúkọ Oúnjẹ ní Bódìjà

Bí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án gangan, tí o sọ fún ọlọ́kadà pé Skye lò ń lọ, kò ní bi ọ́ pé báńkì wo. Á wo aṣọ ọrùn rẹ, á wo oòrùn, á sì bu iye owó tó wù ú lé ọ, torí ó ti mọ̀ pé ebi ló ń lé ọ bọ̀. Láti ọdún 2018 ni kò ti sí báńkì kankan tó ń jẹ́ Skye mọ́. Àmàlà tó yá orúkọ rẹ̀ lò ló ṣẹ́kù.

Bí orúkọ náà ṣe dé kò ní ìdí méjì. Ẹ̀ka báńkì Skye wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà yìí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ júwe ibẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní láti fi nǹkan kan ṣe àmì, báńkì ló sì hàn jù. Àmàlà ẹ̀gbẹ́ Skye. Nígbà tó yá, ẹnu kó ẹ̀gbẹ́ jẹ, ó ku Àmàlà Skye. Ẹnu àwọn tó ń jẹun ló sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ẹni tó pa ewúrẹ́.

Ìtàn báńkì gan-an ló gùn. Lọ́dún 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà pàṣẹ pé báńkì tí owó ìdókòwò rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù 25 náírà títí ìparí ọdún 2005 yóò kógbá wọlé. Bílíọ̀nù 2 péré ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà nílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Gbogbo ayé ń wá ẹni tí wọ́n jọ máa so ó pọ̀. Prudent, Bond, EIB, Reliance àti Cooperative wọ inú agbada kan náà, wọ́n sì jáde ní Skye lọ́dún 2006. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn ni ọmọ Ìbàdàn mọ̀ jù. Cooperative ni báńkì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ Yorùbá, láti 1953, ibẹ̀ ni owó kòkó ọ̀pọ̀ bàbá wa sùn sí. Ọdún méjìlá ni Skye lò láyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì fa gbogbo ohun tó ní lé báńkì Polaris lọ́wọ́. Wọ́n yọ pátákó, wọ́n gbé òmíràn kọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fẹ́ lọ jẹ Àmàlà Polaris.

Kí ló tilẹ̀ pa báńkì àti àmàlà pọ̀? Ilẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì ń wá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ báńkì ń wá ojú títì, ibi tí mọ́tò ti lè dúró, tí àwọn olówó oṣù ń gbà kọjá. Ohun tí ìyá olóńjẹ náà ń wá nìyẹn, ṣùgbọ́n kò lówó ilé, ìyẹn ló fi máa ń fara ti ẹni tó ti kọ́ tiẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ̀yìn ògiri, abẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni ò ni. Bódìjà sì ni ilẹ̀ tó ṣe kongẹ́. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló kọ́ ẹ́sítéètì ibẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀mọ̀wé nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin. Yunifásítì wà lápá kan, Sẹkitéríàtì wà lápá kejì, ọjà sì wà láàárín, níbi tí ẹ̀wà àti èlùbọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ látorí ọkọ̀. Àti oúnjẹ àti ẹnu tó máa jẹ ẹ́, wọn ò jìnnà síra.

Ilẹ̀ tó dára nìkan kò tó ṣá. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ ni mo máa ń wò bí mo bá jókòó sí búkà. Àwọn tó ń sọ pé àwọn fẹ́ dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ máa ń wo iye tó ń wọlé, wọn kì í wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni búkà, ó sì ní kíláàsì.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdí abọ́ ni wọ́n máa ń fi í sí: omi ọṣẹ, omi ṣíṣàn, omi kejì, láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá ti fara balẹ̀, wọ́n á fi í sídìí bíbó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì àti jíjá ewédú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gbé omi fún oníbàárà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ dùn tàbí ó korò. Ìdí àmàlà tún yàtọ̀. Iṣẹ́ agbára ni, ọkùnrin ló sì wọ́pọ̀ nídìí rẹ̀, pẹ̀lú orógùn tó gùn tó ẹsẹ̀ ọmọdé àti òógùn tó ń dà ní ọrùn. Omi gbọ́dọ̀ hó kí èlùbọ́ tó wọlé, ọwọ́ ò sì gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi jinná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kókó ló máa gbà á. Mo ti jẹ àmàlà oníkókó rí ní ilé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí pé ọmọ tó ń rò ó ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù. Kò sí gbẹ̀gìrì tó lè bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdí ọbẹ̀ ló kàn. Ẹ wo obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ri ìgbakọ bọ omi, ó fi gé àmàlà nínú kúlà, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́, ó sì dà á sínú àwo pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dán bíi ti àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó bu gbẹ̀gìrì sápá kan, ewédú sápá kejì, ó jẹ́ kí ata bọ́ sí àárín. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú ẹni tó kàn lórí ìlà ló ń wò, ó ti ń béèrè pé mélòó, kí ẹni àkọ́kọ́ tó gba àwo rẹ̀.

Ìkòkò ẹran nìkan ni wọn kì í fi ọmọ ọ̀dọ̀ sí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń jókòó tì í, tàbí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde láti inú ìyá kan náà. Ṣàkì, pọ̀nmọ́, fùkù, ẹ̀dọ̀, bọ̀kọ̀tọ̀, ògúnfe: kíkà ni wọ́n ń kà á kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àmàlà ò ṣeé kà, ọbẹ̀ ò ṣeé kà, ẹran ló ṣeé kà. Nítorí náà, nígbà tó bá dalẹ́, ẹran tó kù nínú ìkòkò ló máa sọ iye owó tó yẹ kó wà nínú àpò. Lójú tèmi, ìṣirò yìí múná ju ti àwọn báńkì kan lọ. Ẹran yìí kan náà lèrè pọ̀ sí jù, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi máa ń bi ọ́ pé ẹran mélòó kí wọ́n tó bi ọ́ léèrè ohunkóhun mìíràn.

Ọmọ tó bá la gbogbo kíláàsì yìí já kì í pẹ́ kó tó máa wo ẹ̀gbẹ́ ògiri tirẹ̀. Kì í sábà lọ yá owó ní báńkì, torí báńkì á béèrè ìwé ilé. Alájọ ló ń bá a tọ́jú owó. Lójoojúmọ́ ni yóò máa da iye kan, bí oṣù bá pé, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀, á sì kó ìyókù fún un. Ìkòkò méjì, kúlà kan, bẹ́ǹṣì mẹ́ta ni yóò fi rà. Èlùbọ́ ńkọ́? Àwìn ni.

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yìí gba kéèyàn dúró díẹ̀. Òkè-Ògùn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí àti agbègbè wọn. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á rì í sómi tó gbóná tí kò hó, á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a títí yóò fi le bí igi. Gbodo nìyẹn. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán ló tó di èlùbọ́. Bí òjò bá mú un kó tó gbẹ, yóò bu, kò sí bí wọ́n ṣe máa rò ó tí kò ní korò. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ̀ lójú a máa lú u pọ̀ mọ́ láfún. Ìyá olóńjẹ tó gbọ́n máa ń fi ìka mú díẹ̀, á fi sẹ́nu, á sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni olówó èlùbọ́ ti máa ń mọ̀ bóyá òun máa padà lọ pẹ̀lú àpò òun.

Ọdún 2023 dán àwọn èèyàn wọ̀nyí wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kejì, owó tuntun ti dé, ṣùgbọ́n owó ò sí níta. Ẹni tó jẹun tán kò ní náírà lọ́wọ́, ẹni tó sì ta oúnjẹ kò lè dá a padà sínú ìkòkò. Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà àkáǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára páálí tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, tí ọmọ tó ń fọ abọ́ sì di ẹni tó ń dúró de kí fóònù dún kí oníbàárà tó dìde. Kí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí ìparí ọdún, ọwọ́ ti mọ́ wọn lára. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Owó ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn fò sókè, ti iṣu tẹ̀ lé e. Àwọn kan fi owó kún oúnjẹ. Àwọn mìíràn pààrọ̀ ìgbakọ, wọ́n mú èyí tó kéré. Mi ò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Bí gbogbo èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, àwọn wolé-wolé ò yéé wá. Wọ́n á yẹ ìwé àyẹ̀wò ara àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n á ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n á wo ibi tí omi abọ́ ń ṣàn sí. Ìyá olóńjẹ a máa bẹ̀rù wọn ju ẹni tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ sì ni.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń jáde ní àwọn pólì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ìgbàlejò. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ìnuwọ́ sórí tábìlì, wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín fọ́ọ̀kì ẹja àti fọ́ọ̀kì ẹran. Èmi ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Premier lórí òkè Mọ́kọ́lá gbọ́dọ̀ mọ nǹkan wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn lọ jókòó tì ìkòkò ẹran fún oṣù mẹ́ta.

Bí o bá bi ọmọ Yunifásítì tó dé Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún 2018 pé kí ni Skye túmọ̀ sí, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ọ pé òfurufú ni, kó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ kí ìlà má bàa kọjá òun. Nígbà tí ìlà bá tán nírọ̀lẹ́, irú àwọn ibi wọ̀nyí ò tíì sùn. Ẹnì kan ń fi irin ha ìdí agbada, ẹnì kan ń ka ẹran tó kù sókè ketekete. Lẹ́yìn ilé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti da ẹ̀wà ọ̀la sómi.