Ìmọ̀ Iṣẹ́ Oògùn fún Nọ́ọ̀sì: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ilé Ìwòsàn Ore àti Odigbo

Oògùn tí dókítà kọ sínú ìwé aláìsàn kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni lóore, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fà á sínú síríńjì, tàbí tó bá kà á sí àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara ènìyàn. Bí àṣìṣe bá sì wà nínú ohun tí wọ́n kọ, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni àyè ìkẹyìn wà láti rí i. Nítorí èyí ni fífún aláìsàn ní oògùn fi jẹ́ iṣẹ́ onímọ̀, tí kì í ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ni a kọ ìwé yìí fún, ìyẹn ní Ore tí í ṣe olú-ìlú rẹ̀, ní Odigbo fúnra rẹ̀, àti ní àwọn abúlé oko kòkó àti oko ọ̀pẹ tó yí wọn ká. Ṣùgbọ́n ará ìlú tó bá kà á yóò mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ó tó gún un lábẹ́rẹ́.

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ni pé nǹkan márùn-ún gbọ́dọ̀ tọ́: aláìsàn, oògùn, ìwọ̀n, ọ̀nà tí a óò gbà fún un, àti àsìkò. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Nọ́ọ̀sì lè fún aláìsàn tó tọ́ ní gentamicin tó tọ́, ní ìwọ̀n tí dókítà kọ gan-an, sínú iṣan tó tọ́, lákòókò tó tọ́, kí ó sì fi sọ ọ́ di adití, bí aláìsàn náà kò bá ti tọ̀ láti àná, nítorí pé kíndìnrín ni gentamicin ń gbà jáde nínú ara, bí kíndìnrín bá sì ti dákẹ́, oògùn á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi ba kíndìnrín náà àti etí inú jẹ́. Ìmọ̀ iṣẹ́ oògùn ló ń mú kí nọ́ọ̀sì wo àpò ìtọ̀ kí ó tó wo ìgò oògùn.

Ohun tí aláìsàn ti lò kí ó tó dé

Ore wà ní oríta. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ará ìlú nìkan ló ń wá sí ilé ìwòsàn rẹ̀: awakọ̀ wà níbẹ̀, èrò ọkọ̀ tí jàǹbá bá lójú ọ̀nà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tó ti gbé ibà káàkiri oko fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rí ọ̀kadà gbé e jáde wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ṣọ̀wọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn dé láìtíì lo nǹkan kan. Ó ti lè ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti lè gba oríṣiríṣi hóró tí wọ́n pa pọ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ó sì ti lè mu àgbo ibà tàbí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn tó ṣe pàtàkì jù fún nọ́ọ̀sì ní agbègbè yìí nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò ka Alábùkún mọ́ oògùn, nítorí pé ó ti wà nílé Yorùbá láti ìgbà tí Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Abẹ́òkúta ní 1918. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Aspirin máa ń sọ àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń so pọ̀ láti dí ojú ọgbẹ́ di aláìlágbára, èyí tó bá sì ti kàn nínú wọn kò ní sàn mọ́. Ó di ìgbà tí ara bá ti pèsè òmíràn rọ́pò wọn, èyí tó máa ń gba bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ẹni tó lò ó ní òwúrọ̀ nítorí ẹ̀fọ́rí, tí jàǹbá ọkọ̀ sì ṣẹlẹ̀ sí i ní ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tètè dá, bí nọ́ọ̀sì bá sì tún gún un ní diclofenac fún ìrora, ó ti fi kún un, nítorí pé ọ̀nà tí diclofenac ń gbà ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ti aspirin. Àṣà kan tún wà tó yẹ kí ó dópin, èyíinì ni pé kí a máa gún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná ní diclofenac. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, àìsàn tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde lára sì ni. Kí àyẹ̀wò tó fi irú ibà tó ń ṣe aláìsàn hàn, paracetamol ló yẹ ẹ́.

Ti tramadol le ju èyí lọ, nítorí pé ẹni tó ń lò ó kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó wà nínú ìdílé oògùn kan náà pẹ̀lú morphine, ó ń dín mímí kù bí ó bá pọ̀, ó sì lè fa gìrì. Bí nọ́ọ̀sì bá fún ẹni tó ti lò ó, tó sì tún ti mu ògógóró lé e, ní diazepam kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, mímí rẹ̀ lè dúró. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí tramadol ti di bárakú fún, abẹ́rẹ́ pentazocine tí a gún un nítorí egungun tó ṣẹ́ lè lé tramadol náà kúrò ní ibùjókòó rẹ̀ nínú ọpọlọ, kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó máa làágùn, kí inú máa run ún, tí àwọn tó dúró tì í yóò sì rò pé ìrora ló ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ̀ tó wà fún mímí tó ń kú lọ ni naloxone, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í sábà kọjá wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé e, nígbà tó jẹ́ pé bí wákàtí mẹ́fà ni ó ń gba ara láti dín tramadol kù sí ìdajì. Aláìsàn tó jí, tó sì ń sọ̀rọ̀, lè tún sùn lọ lẹ́yìn náà. Kò yẹ kí a dá a sílẹ̀ kó máa lọ bá ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ti àgbo, kì í ṣe èébú ló yẹ kí ó ti ẹnu nọ́ọ̀sì jáde, ìbéèrè ni. Ewúro wà lára àwọn ewé tó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń mu omi rẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì tún ń lo glibenclamide, lè dákú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣì í lóògùn. Ọ̀nà tí a gbà béèrè ló ń sọ irú ìdáhùn tí a óò gbà. “Màmá, ṣé ẹ ti lo nǹkan kan kí ẹ tó máa bọ̀, ìbáà ṣe àgbo?” yóò mú òtítọ́ jáde ju “Ṣé ẹ ò ti lọ mu àgbo?” lọ.

Ìrìn oògùn nínú ara

Oògùn tí a gbé mì ní láti gba inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀ tó ń yí gbogbo ara ká, ẹ̀dọ̀ sì lè ba apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Èyí tí a gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wọlé, kò sì ṣeé fà padà. Potassium chloride ni àpẹẹrẹ tó burú jù. A kò gbọ́dọ̀ tì í sínú iṣan láìpò ó mọ́ omi dírípù dáadáa, nítorí pé ó lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù lásán, kò yẹ kí ó ju mílímóòlù 10 lọ ní wákàtí kan. Ìgò kékeré rẹ̀ sì máa ń jọ ti omi tí a fi ń pò abẹ́rẹ́, nítorí náà ibi tí kò yẹ kí a ti bá a rárá ni orí àwo kan náà pẹ̀lú omi yẹn.

Àwọn oògùn kan wà tí àlàfo kékeré ni ó wà láàrin ìwọ̀n tó ń wo àìsàn àti ìwọ̀n tó ń ṣe jàǹbá. Digoxin jẹ́ ọ̀kan: bí ọkàn àgbàlagbà bá ń lù ní ìsàlẹ̀ 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí nọ́ọ̀sì dá oògùn náà dúró, kí ó pe dókítà.

Ibà ọmọdé àti ìṣirò rẹ̀

Ibi tí ìṣirò ti ń pa ọmọ jù ni ibi tí ìkánjú wà. Artesunate ni oògùn ibà líle, ìwọ̀n ara ọmọ sì ni a fi ń ṣe é: ọmọ tí kò tó kílò 20 yóò gba mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba 2.4. Ọmọ ń nílò púpọ̀ sí i fún kílò kan nítorí pé ara rẹ̀ ń tètè mú oògùn náà kúrò. Ọmọ kílò 12, nígbà náà, yóò gba mílígíráàmù 36. Ìgò mílígíráàmù 60 ni a ó kọ́kọ́ fi mílílítà 1 sodium bicarbonate tó bá a wá yọ́ títí yóò fi mọ́ kedere. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a óò gún un sí, a ó fi mílílítà 5 omi iyọ̀ tàbí glucose 5% kún un, mílígíráàmù 10 ni yóò wà nínú mílílítà kan, 3.6 ni a óò fà. Bí ẹran itan ni, mílílítà 2 ni a óò fi kún un, mílígíráàmù 20 ni yóò wà nínú ọ̀kan, 1.8 ni a óò fà. Ẹni tó bá pò ó fún ẹran itan, tó wá fa iye ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ti fún ọmọ ní ìlọ́po méjì. A kì í fi omi abẹ́rẹ́ lásán pò ó, a kì í kán an sínú dírípù, èyí tí a ti pò sì gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ kí wákàtí kan tó pé.

A ó tún un gún lẹ́yìn wákàtí 12 àti 24, lẹ́yìn náà ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Bí ọmọ bá sì ti lè gbé nǹkan mì lẹ́yìn wákàtí 24 àkọ́kọ́, yóò lo oògùn ibà alápòpọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta. Artemether-lumefantrine, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń fẹ́ ọ̀rá kí ara tó lè gbà á, nítorí náà kí a fún un lẹ́yìn oúnjẹ tó ní epo tàbí mílíìkì; wákàtí mẹ́jọ ló wà láàrin èkínní àti èkejì, kì í ṣe méjìlá. Kí ìyá sì gbé ọmọ padà wá bí ojú rẹ̀ bá funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan máa ń wó lẹ́yìn artesunate.

Yàrá ìgbẹ̀bí

Magnesium sulphate ni a ń lò fún gìrì aboyún. Ní ìlànà tó wọ́pọ̀, gíráàmù 4 ni a ó rọra gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, 5 sínú ìdí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Oògùn yìí máa ń fi àmì hàn kí ó tó pani: orúnkún kì í ta mọ́ bí a bá kàn án, lẹ́yìn náà mímí á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nítorí náà, kí a tó fún un ní òmíràn, orúnkún gbọ́dọ̀ ta, mímí gbọ́dọ̀ tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ sì gbọ́dọ̀ tó mílílítà 100 láàrin wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni calcium gluconate, gíráàmù 1, tí ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnìkan ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

Oxytocin, yúníìtì 10 sínú ẹran ara lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wáyé, ń fẹ́ òtútù ìwọ̀n 2 sí 8. Ooru ń bà á jẹ́ láì yí àwọ̀ rẹ̀ padà, nítorí náà níbi tí iná mànàmáná kì í bá dúró, ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń ya lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé oògùn inú fíríìjì ti kú. Ìwádìí tí àjọ WHO ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, tí wọ́n sì gbé jáde ní 2018, fi hàn pé carbetocin tí ooru kì í bà jẹ́ kò rẹlẹ̀ sí oxytocin nínú dídènà ẹ̀jẹ̀ yíya. Ibi tó bá ti wà, kí wọ́n lò ó.

Nígbà tí oògùn fúnra rẹ̀ bá ní àléébù

Ní ìparí 2008, oògùn olómi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń hu eyín, My Pikin, pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, nítorí pé diethylene glycol, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ìyá fún ọmọ kọ́ ló fà á. Àmì tó hàn ni pé àwọn ọmọ náà kò tọ̀ mọ́, irú àmì bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù máa ń rí ṣáájú ẹlòmíràn. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti wà nínú ètò àgbáyé tí WHO fi ń kó ìròyìn jọ lórí jàǹbá oògùn, fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Nàìjíríà, ni a sì ń fi ròyìn. Kò di dandan kí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rí kí ó tó kọ ọ́, ìfura tó. Kí ó kọ orúkọ oògùn, nọ́ńbà ìpele tó wà lára páálí, ọjọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àti ọjọ́ tí nǹkan yí padà, kí ó sì tọ́jú ìgò náà pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti dà á nù, kò sí ohun tí NAFDAC yóò yẹ̀ wò.