Àrùn Ìgbàgbé Láàrin Àwọn Àgbà: Ìrírí Ẹbí Nínú Wíwá Ìtọ́jú

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá gbà pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n bí òbí bá dàgbà tí kò sì mọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹbí ń tọ̀ láti wá ìtọ́jú fún àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń dà láàmú. A ó fi hàn pé orúkọ tí a bá kọ́kọ́ pe àrùn náà ni ó sábà máa ń pinnu ibi tí ẹbí yóò gbà lọ.

Orúkọ Àrùn Náà

Bí ìyá àgbà bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, tàbí tí ó ṣìnà ní ọjà tí ó ti ń ná láti ìgbà èwe, a ó ní ó ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a gbà pé ọjọ́ orí lásán ni, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Èrò kejì burú ju èyí lọ. Bí ìyá náà bá ń rìn kiri lóru, tí ó ń fẹ̀sùn olè kan ìyàwó ilé, àwọn kan a ní àjẹ́ ni. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè sọ àgbà di ẹni ìtanù.

Àrùn ọpọlọ ni àrùn yìí. Dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ni ó ṣàpèjúwe irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ọdún 1906. Ní nǹkan bí ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé láàrin àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní Ìbàdàn, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́dọọdún; láàrin àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, 3.24 ni. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó ti ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó wà.

Ọ̀nà Tí Ẹbí Ń Tọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹbí a kọ́kọ́ lọ sí ilé àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Nígbà tí wọn yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọdún ti gorí ọdún. Ewu ìdádúró yìí ni pé àwọn ìgbàgbé kan wà tí wọ́n ṣeé wò: èyí tí àìtó fítámì B12, ìsoríkọ́, oògùn tí a ń lò, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú agbárí lẹ́yìn ìṣubú bá fà. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ti Alzheimer kò tíì ní ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn lè dín àmì rẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀.

Ní UCH, Ìbàdàn, a ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní 2012. Àmọ́ irú ibẹ̀ kò pọ̀, owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò sì ń wọ ẹbí lọ́rùn. Ilé tí a ti ń gba àgbà sílé náà kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń tijú kí ará àdúgbò má baà sọ pé wọ́n ju ìyá wọn nù.

Ẹrù Olùtọ́jú

Nítorí náà, ilé ni ìtọ́jú ń padà sí, obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ tàbí ìyàwó ilé, ni ó sì sábà ń gbé ẹrù náà. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n owó kò lè bá a ṣọ́ òru. Ó yẹ kí ẹbí pín òru náà láàrin ara wọn. Kí wọ́n má ṣe bá àgbà jiyàn lórí ohun tí ó gbàgbé. Kí oúnjẹ àti ìwẹ̀ ní àkókò kan pàtó. Kí wọ́n máa ki oríkì rẹ̀, nítorí ohun àtijọ́ sábà máa ń pẹ́ nínú iyè ju ti àná lọ.

Kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ẹbí àti ilé ìwòsàn fọwọ́sowọ́pọ̀. Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo ti ṣètò kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìrìn àjò ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu. Olùkọ́ ni a sì fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ìyá ìyá òun ti ń ṣarán, tàbí pé wọ́n ń pè é ní àjẹ́, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín. Kí ó sọ fún un pé àìsàn ni, kí ó sì gba àwọn òbí rẹ̀ níyànjú láti mú ìyá lọ fún àyẹ̀wò.